Kíka Ahoro Lórí Máàpù Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Láti Aṣálẹ̀ Namib

Àkọsílẹ̀ ni máàpù, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti jẹ́ àkọsílẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní àmì, ó sì ní àkókò tí a ya á. Ẹni tí ó bá ka orúkọ nìkan lè ka ahoro mọ́ ìlú tí ènìyàn ń gbé. A ó fi àwọn ibùdó ìwakùsà tí ó wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Namibia ṣe àpẹẹrẹ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1908, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, Zacharias Lewala, òṣìṣẹ́ ojú irin, rí dáyámọ́ǹdì nínú iyanrìn nítòsí Lüderitz. Ó fi í han ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Kò pẹ́ tí ìlú Kolmanskop fi dìde níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ilé ijó. Ojú irin tóóró sì gba gúúsù lọ sí Pomona àti Bogenfels. Ṣùgbọ́n ní 1928, a rí dáyámọ́ǹdì tí ó pọ̀ ju ti ibẹ̀ lọ lẹ́bàá ẹnu odò Orange. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ. Nígbà tí ó fi di 1956, Kolmanskop ti di ahoro.

Ìtàn sọ pé Coleman, tí ó ń da kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Kolmannskuppe ni ti èdè Jámánì. Kolmanskop ni ti èdè Afrikaans. Òkè Coleman ni ìtumọ̀ méjèèjì. Bí a ṣe kọ orúkọ náà lórí máàpù lè tọ́ka sí èdè àwọn tí ó ya á, nítorí pé ní 1915 ni àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì.

Ní ti Bogenfels, àpáta kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ni orúkọ náà ń ṣàpèjúwe. Orúkọ náà kò sọ pé àwọn awakùsà gbé ibẹ̀ rí. Ilà ojú irin ni ó sọ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù, ilà tí ó ń já léraléra ni a fi ń ṣe àmì ojú irin tí a ti pa tì.

Síbẹ̀, orúkọ Coleman ni ìlú náà ń jẹ́, kì í ṣe ti Lewala tí ó rí dáyámọ́ǹdì. Nítorí náà, kí a tó fi máàpù ṣe ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ nípa orúkọ ìlú, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó sọ ibẹ̀ lórúkọ, èdè tí ó lò, àti ẹni tí a kò dárúkọ.