Ṣé O Mọ̀? Obìnrin, Òkúta àti Ìgbálẹ̀ Lórí Omi Dídì

Ní ìdájí, kí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin tó kún, àwọn ìyá ọlọ́jà a kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀, kí wọ́n tó gbá iwájú ìsọ̀ wọn. Bí o bá ti rí wọn rí, o ti mọ ìdajì eré tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Kọ́líǹgì ni wọ́n ń pè é. Orí omi dídì ni wọ́n ti ń ṣe é, òkúta àti ìgbálẹ̀ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òkúta kọ́líǹgì kan lè wúwo tó nǹkan bíi kílò 20? Díẹ̀ ló kù kó tó àbọ̀ àpò ìrẹsì tí alábàárù ń gbé la àárín ọjà kọjá. Wọ́n gbẹ́ ẹ róbótó, wọ́n dán an, wọ́n sì fi ọwọ́ ìmú sí i lórí bíi ti kẹ́tù.

Ṣé o mọ̀ pé erékùṣù kékeré kan létí òkun Scotland, Ailsa Craig, ni òkúta tí wọ́n ń lò ní Òlíḿpíìkì ti ń wá? Òkúta akọ ibẹ̀ le, kì í sì í fa omi mu, nítorí náà òtútù kì í tètè là á.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa ń wọ́n omi sórí omi dídì náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan a dì síbi tó bá bọ́ sí, ojú pápá a sì rí ṣágiṣàgi. Orí àwọn ẹ̀kán wọ̀nyí ni òkúta ń gbà sáré. Bí ojú ibẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkúta á dúró kó tó dé ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ pápá náà gùn tó mítà 45.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí ìgbálẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Bí ẹnì kan bá ti ti òkúta sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sáré níwájú rẹ̀, wọ́n a máa fi gbogbo agbára gbá ojú omi dídì. Gbígbá yẹn ló ń mú kí ojú ibẹ̀ móoru díẹ̀, tí òkúta fi ń lọ jìnnà sí i, tí ọ̀nà rẹ̀ sì ń tọ́. Ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kan òkúta rárá.

Ṣé o mọ̀ pé “ilé” ni wọ́n ń pe ibi tí òkúta ń lọ? Òbìrìkìtì tó wà nínú òbìrìkìtì ni. Ẹgbẹ́ tí òkúta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín ilé jù lọ ló ni àmì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1998, ní Nagano ní Japan, ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ gba wúrà kọ́líǹgì ní Òlíḿpíìkì? Ẹgbẹ́ Kánádà tí Sandra Schmirler jẹ́ olórí rẹ̀ ló gbà á. Oṣù díẹ̀ péré ló ti bímọ nígbà náà. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní ọdún 2000, ẹni ọdún 36 ni.

Ṣé o mọ Eve Muirhead, ọmọ Scotland? Ó gba idẹ Òlíḿpíìkì ní Sochi lọ́dún 2014. Lọ́dún 2018, níbi ìdíje fún idẹ, òkúta tó jù kẹ́yìn kò ṣe bó ṣe fẹ́, Japan sì borí. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ní Beijing, lọ́dún 2022, Japan kan náà ló bá pàdé níbi àṣekágbá, ó sì na wọ́n ní 10 sí 3. Wúrà dé. Ọdún yẹn náà ló fi eré sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọdún 2018 ni orílẹ̀-èdè wa wọ ẹgbẹ́ kọ́líǹgì àgbáyé, òun sì ni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà.

Ṣé o mọ Susana Cole? Òun àti ọkọ rẹ̀, Tijani Cole, ló ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje àgbáyé ti ọkùnrin kan obìnrin kan ní Stavanger, ní Norway, ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Orílẹ̀-èdè 48 ló pé síbẹ̀. Tọkọtaya yìí na Faransé ní 8 sí 5. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan láti Áfíríkà máa borí níbi ìdíje àgbáyé kọ́líǹgì.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 2020 àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣe kọ́líǹgì ní Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Switzerland?

Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin wa ti lànà sórí yìnyín ṣáájú? Ṣeun Adígún, tó sáré fo ọ̀pá ní London lọ́dún 2012, fi pátákó kan ọkọ̀ ìdánrawò sínú gáréèjì rẹ̀ ní Houston. Lọ́dún 2018, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ọkọ̀ orí yìnyín dé Òlíḿpíìkì ní Pyeongchang. Símidélé Adéagbo náà wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa díje nínú eré adojúbolẹ̀ yìí ní Òlíḿpíìkì.

Ṣé o mọ̀ pé nínú kọ́líǹgì, ẹni tó bá rí i pé apá òun kò ká a mọ́ lè na ọwọ́ sí alátakò rẹ̀, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí eré parí? Àwọn fúnra wọn ló sì ń sọ àṣìṣe tí wọ́n bá ṣe. Ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń ṣe eré náà.

Èyí tó kẹ́yìn, ìwọ ọmọ Ìlọrin ti mọ̀ ọ́n: òkúta ló sọ ìlú wa lórúkọ. Ìtàn àwọn bàbá wa ni pé orí òkúta kan níhìn-ín ni wọ́n ti ń lọ̀ irin kó lè mú. Ọwọ́ ọmọ wa kò ṣàjèjì sí òkúta, kò sì ṣàjèjì sí ìgbálẹ̀. Omi dídì nìkan ló kù, Susana Cole sì ti fi hàn pé èèyàn lè lọ bá a níbi tó wà. Lọ́la, bí o bá rí ọmọbìnrin tó ń wọ́n omi síwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọjà-Ọba, dúró, kí o sọ ọ́ fún un.