Bí Kétu Ṣe Di Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí ará Ìlaròó bá ní òun ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lọkàn wa máa ń lọ. Ta ló ń ka Kétu mọ́ ọn? Síbẹ̀, Kétu kò sí ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè Benin ló wà.

Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀ ní Paris lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló fà á. Wọ́n ní kí ààlà bẹ̀rẹ̀ láti odò Àjárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kó sì gba òkè lọ tààrà. Wọn ò bi Alákétu léèrè. Alákétu kankan ò tilẹ̀ sí lórí ìtẹ́ nígbà náà, torí ogun Dàhómì ti fọ́ ìlú náà túútúú ní 1886, ó di 1894 kí wọ́n tó tún un tẹ̀ dó. Ìlárá, lápá Ìmẹ̀kọ, ni kí ẹ lọ wò bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìlà yẹn ṣe: ó pín ìlú kan ṣoṣo sábẹ́ ìjọba méjì.

Ìjọba Faransé le. Iṣẹ́ àfipáṣe àti ìfipámúni sí iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá wá sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1976.

Lóde òní, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní Benin láìgba físà. Àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ lọ lọ́wọ́ òfìfo: ẹ mú páálí ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì dání. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Faransé ni èdè ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ní ọjà Kétu, Pobẹ àti Sakẹ́tẹ́, Yorùbá yín ti tó. Aago wa ò yàtọ̀ sí tiwọn. Ọwọ́ ọ̀tún làwọn náà ń wa mọ́tò; ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ṣì ń wa ọwọ́ òsì, ńṣe ni dírẹ́bà tó bá kọjá Ìdírókò sí Ìgolò gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà lójú ọ̀nà.

Ẹ tún wádìí bóyá ẹnubodè ṣí. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Àbújá ti ti Ìdírókò pa, kò sì ṣí i padà àfi ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì kí ẹ tó di ẹrù.