Bí A Ṣe Ń Yẹ Kíláàsì Ẹnì Kejì Wò

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn tó ń kọ́ni nínú ẹgbẹ́, àti àwọn tí a máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n wá jókòó ti ẹni tó ń kọ́ni, kí wọ́n sọ bó ṣe rí fún un.

Ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1844, nígbà tó yá wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú èrè ọjà wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Níhìn-ín, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde lọ́dún 1935. Lọ́dún 1995 tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé tún ìlànà méje kọ, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkarùn-ún.

Ṣùgbọ́n ta ní ń kọ́ni nínú ẹgbẹ́ kékeré? Akápò ni, tàbí akọ̀wé, tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ ẹni tó ti mọ nǹkan fún ogún ọdún kì í rántí ibi tó ti ṣòro fún òun rí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kejì jókòó sẹ́yìn.

Tí kíláàsì bá wá parí, ọ̀pọ̀ wa á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó dáa gan-an." Ìkíni nìyẹn. Òmíràn á ní, "Ọ̀rọ̀ yín ti le jù fún àwọn ìyá wọ̀nyí." Èwo ló le níbẹ̀? Kò sọ. Olùkọ́ á kàn gbé e lọ sílé, inú rẹ̀ ò ní dùn, kò sì ní mọ ohun tó máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò èlé ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ lowó ti ń sọnù. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦100,000, èlé jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, yóò sì máa dá ₦10,000 padà nínú ojú owó lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Bí ẹgbẹ́ bá ń gba èlé lórí gbogbo owó tó yá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ₦1,000 ni lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦10,000. Bó bá jẹ́ lórí gbèsè tó ṣẹ́kù ni, oṣù kìíní ₦1,000, oṣù kejì ₦900, oṣù kẹta ₦800, títí dé ₦100 ní oṣù kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦5,500. Olùkọ́ tó kọ "náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún" sójú pátákó tí kò sọ èwo nínú méjèèjì, kò purọ́. Ṣùgbọ́n aláta tó gbọ́ ọ lè lọ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ₦5,500 lọ́kàn, kí wọ́n wá gba ₦10,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà dé nìyẹn. Wọ́n á ní akápò kówó jẹ.

Kí ni kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn sọ? Kó má sọ pé, "Ẹ ò ṣàlàyé èlé dáadáa." Kó sọ pé: "Nígbà tí ẹ kọ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún, ẹ ò tíì sọ bóyá lórí gbogbo owó ni tàbí lórí èyí tó kù. Ìyá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣírò rẹ̀, ọ̀kan ní ₦10,000, èkejì ní ₦5,500, kò sì sí ẹni tó béèrè. Bí ẹ bá kọ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sójú pátákó lọ́nà méjèèjì, mo rò pé yóò yé wọn." Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó ṣe fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ohun tí olùkọ́ lè ṣe náà wà níbẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kíláàsì, ẹ lọ bá olùkọ́. Ẹ bi í pé àwọn wo ló ń bọ̀, kí ló fẹ́ kí wọ́n lè dá ṣe tí wọ́n bá ń lọ sílé, ibo ló sì fẹ́ kí ẹ bá òun ṣọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé, "Ẹ bá mi wò bóyá mo ń yára jù," ti fún yín níṣẹ́ tó lójú. Nínú kíláàsì, ẹ má dáhùn fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tún olùkọ́ ṣe níwájú èèyàn. Ojú àwọn tó ń gbọ́ ni kí ẹ máa wò, ju ojú ẹni tó ń sọ lọ: ta ló dẹ́kun kíkọ̀wé, ta ló ń yọjú sí ìwé ẹnì kejì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀yin méjì jókòó níkọ̀kọ̀, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lójú tirẹ̀. Ohun méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ sì ya àṣìṣe ìṣirò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò kàn wù yín. Bóyá ó ń ṣàwàdà púpọ̀ kọ́ lẹ wá wò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ńkọ́? Àbúrò tó bá ń yẹ kíláàsì àgbà wò lè fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí lẹ rò pé ó fà á tí ìdáhùn wọn fi jẹ́ méjì?" Ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù, òótọ́ náà ló gbà bẹ́ẹ̀ kọjá. Àgbà náà kó má sọ ọ́ di àṣẹ fún ọmọdé. Ohun kan tí a ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a gbé ìwé tí a kọ lọ sọ́dọ̀ Alága láti fi gba ipò lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa pè é wọ kíláàsì mọ́.

Tí olùkọ́ bá ti tún un kọ́, ẹ padà lọ jókòó. Kó fún wọn ní ìṣirò tuntun: ₦60,000, náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦10,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Lórí gbogbo owó, ₦3,600. Lórí èyí tó ṣẹ́kù, ₦2,100. Kí olúkúlùkù ṣe é sínú ìwé tirẹ̀, kí ẹ sì rìn yíká láti wo ohun tí wọ́n kọ.