Ìdíyelé fún Owó-orí Ilé àti Iye Ilé Lọ́jà: Àpẹẹrẹ Ìpínlẹ̀ California

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ ìbáṣepọ̀ iye méjì wò, èyí tí a sábà máa ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkíní ni iye tí ìjọba dá lé ilé kí ó tó bu owó-orí lé e. Èyí ni a ó máa pè ní ìdíyelé. Èkejì ni iye tí ẹni tí ń tà á àti ẹni tí ń rà á jọ fẹnu kò sí. Èyí ni iye ọjà. Èrò wa ni pé òfin ni ó ń pinnu bí ìdíyelé yóò ti sún mọ́ iye ọjà tó, àti pé inú àlàfo tí ó bá wà láàrin wọn ni a ti ń mọ ẹni tí ẹrù yóò wọ̀ lọ́rùn.

2. Òfin ọdún 1978

Kí ọdún 1978 tó dé, ìdíyelé ilé ní California a máa tẹ̀lé ọjà. Bí iye ilé ti ń ga sókè ní àwọn ọdún 1970, bẹ́ẹ̀ ni owó-orí ń ga pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ń wọlé fún arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì kò ga bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí iye ilé pọ̀ tó, ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kì í rí owó náà lọ́wọ́ àfi bí ó bá tà á. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó mú kí nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Proposition 13 ní oṣù kẹfà ọdún 1978.

Òfin náà dá ìdíyelé padà sí iye ọjà ti 1975. Owó-orí gbogbogbòò kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 ìdíyelé lọ. Ìdíyelé fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 2 nínú 100 lé sí i lọ́dún. Ìgbà tí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí tí a bá kọ́lé tuntun, ni a tó ń ṣe ìdíyelé tuntun ní iye ọjà.

3. Àbáyọrí rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á gbé ilé méjì tí ó jọra yẹ̀ wò. Lágbájá ra tirẹ̀ ní 60,000 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdíyelé rẹ̀ kò lè ju nǹkan bí 73,000 lọ. Bí Làkáṣègbè bá ra èkejì ní 150,000 lọ́dún náà, owó-orí Lágbájá yóò jẹ́ nǹkan bí 730 dọ́là, ti Làkáṣègbè yóò sì jẹ́ 1,500.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní 1988, Stephanie Nordlinger ra ilé kan ní Los Angeles ní 170,000 dọ́là. Ó rí i pé owó-orí òun tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn aládùúgbò kan tí ilé wọn jọ tirẹ̀, tí wọ́n sì ti ní in láti 1975. Ó pe ẹjọ́ títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà. Ní 1992, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ìjọba lè fẹ́ kí àdúgbò fìdí múlẹ̀, àti pé ẹni tí ń ra ilé ti mọ owó-orí rẹ̀ kí ó tó rà á.

4. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni àwọn ará 1975 dà. Ọdún tí wọ́n rà á ni ó gbè wọ́n. Ìdíyelé tí ó bá tẹ̀lé ọjà ń mú aládùúgbò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó lè lé arúgbó kúrò nílé. Èyí tí a bá so mọ́ ọjọ́ ìrà ń fi ọkàn onílé balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù náà lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní èrò tiwa, yóò sàn kí ìdíyelé máa tẹ̀lé ọjà, kí a sì jẹ́ kí arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́ dá owó-orí tirẹ̀ dúró di ọjọ́ tí a bá ta ilé náà.