Àwòrán Etí Òkun Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ẹnìkan Ṣoṣo

Nínú àwọn àwòrán tí Norman Ackroyd tẹ̀, àpáta dúdú á yọrí láàárín òkun, kùrukùru á sì bo ìdajì rẹ̀. Leeds ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí ní 1938. Kó tó kú ní 2024, ó ti wọkọ̀ ojú omi dé St Kilda àti ọ̀pọ̀ erékùṣù mìíràn. Abẹ́rẹ́ lè fa ìlà sára páànù tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, àmọ́ kò lè fa kùrukùru. Ásíìdì ló ń ṣe ìyẹn. Wọ́n á ku lẹ́búlẹ́bú oje igi sórí páànù bàbà, wọ́n á fi iná yọ́ ọ díẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá rì í sínú ásíìdì. Ásíìdì á jẹ àlàfo tó wà láàárín oje náà, yíǹkì á sì ríbi dúró sí. Ibi tó máa funfun, fáníìṣì ti bò ó látilẹ̀. Ibi tó máa rí bí eérú, wọ́n á bò ó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún dá páànù padà. Èyí tó pẹ́ jù nínú ásíìdì ló ń di àpáta.

Ìpele kan tún wà tí ojú kì í tètè rí, èyíinì ni ọwọ́ àwọn aṣáájú. Julian Trevelyan wà lára àwọn tó kọ́ Ackroyd níṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Stanley William Hayter ní Paris. Ẹnìkan lè ní kíkọ́ iṣẹ́ kò burú, gbígbé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni olè. Kí wá ni ká pe ti Rembrandt? Ní nǹkan bí 1653, páànù tí Hercules Segers ti gbẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Tóbíà, ti inú Bíbélì àwọn Àgùdà, àti áńgẹ́lì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n tóbi gbàǹgbà. Segers pàápàá, ara àwòrán Hendrick Goudt ló ti mú un, Goudt sì mú un lára ti Adam Elsheimer. Rembrandt họ àwọn méjèèjì kúrò, ó fi Màríà, Jósẹ́fù àti ọmọ tó ń sá lọ sí Íjíbítì rọ́pò wọn, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àti òkè sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá wo àárín igi lápá ọ̀tún dáadáa á ṣì rí ìyẹ́ áńgẹ́lì. Lójú tèmi, kì í ṣe olè. Ìrìn ìgboyà ni ti Segers. Àwọn tó ń sá nínú ti Rembrandt kéré, igi ṣíji bò wọ́n, ẹ̀rù sì hàn lára wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwòrán náà ń sọ ti yí padà.

Àtakò tó le jù ni pé ẹni tó ń wo àwòrán ẹlòmíràn ṣáá á gbàgbé òkun fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ackroyd fi ń jókòó sínú ọkọ̀ lójú agbami, tó ń fi ọ̀dà olómi ya ohun tó rí kó tó fọwọ́ kan bàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a kọ́ni kì í dúró síbi tí olùkọ́ fi í sí. Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Ru van Rossem, ará Nẹ́dálándì, ní àwọn ọdún 1960. Ní 1967, ásíìdì ba páànù rẹ̀ kan jẹ́. Gọ́ọ̀mù tó fi tún un ṣe ló bí plastograph, ọgbọ́n tí van Rossem kò kọ́ ọ.