Ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ mọ́tò tó ti pẹ́: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ ṣì ń gun mọ́tò tẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí mọ́tò bá ti pẹ́, pàápàá àwọn Toyota Camry tòkunbọ̀ ti ọdún 1997 sí 2001, ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa rí ọ́ìlì nílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì pe mẹkáníìkì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì máa sọ̀ kalẹ̀ o." Ẹ fara balẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ló ti ń jò.

Ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Yóò ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn abẹ́ mọ́tò yóò sì gbá a sẹ́yìn. Rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní gáásìkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, wà lára ohun tó máa ń tètè bàjẹ́, nítorí ooru ọdún pípẹ́ ti sọ ọ́ di líle bí ike. Ọ́ìlì tó gba ibẹ̀ yọ lè rọra ṣàn títí dé ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíá ti pàdé. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ wò ó nísàlẹ̀ á búra pé ríà síìlì ló ti kú. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ò jọra rárá. Gáásìkẹ́ẹ̀tì òkè ò ju iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ, àmọ́ kí wọ́n tó dé ìdí ríà síìlì, wọ́n ní láti sọ gíá kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò ná. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń pọ́n bí oyin tàbí kó dúdú, ọ́ìlì gíá ọlọ́tọmátíìkì sábà máa ń pupa, omi A/C sì mọ́ gaara, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Tó bá jẹ́ nítòsí táyà lẹ ti rí ohun tó ń yọ̀, ẹ má wa mọ́tò náà jáde, ó lè jẹ́ omi bíréèkì.

Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ẹ ní kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá tutù, kí wọ́n fi ọ̀rá bo ọ́tánétọ̀ àtàwọn wáyà. Tó bá gbẹ tán, ẹ wà á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tó ti tutù ni orísun. Táwọn ibẹ̀ ò bá hàn dáadáa, ẹ bu páúdà ọmọdé díẹ̀ sí i, ọ́ìlì á ya ọ̀nà tirẹ̀ sójú páúdà náà.

Ohun kan wà tí kì í ná yín ní nǹkan kan láti yẹ̀ wò, síbẹ̀ wọn kì í sábà mẹ́nu kàn án. Fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní PCV, òun ló ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà gbà. Tó bá dí, èéfín náà á há sínú, á sì máa ti ọ́ìlì gba ojú rọ́bà èyíkéyìí tó bá ti rọ jáde. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì lónìí, kó tún máa jò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kẹ́ ẹ mì ín létí yín. Èyí tó bá dí pa kò ní dún. Ó yẹ kó máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Ẹ má sì gbà kí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ibẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù máa ń já bọ́ sínú ọ́ìlì, ó sì lè dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Ní ti Camry onísílíńdà mẹ́rin tá à ń wí yìí, tí iwájú bá ń jò, ẹ má fi falẹ̀, torí ọ́ìlì á máa ba rọ́bà bẹ́líìtì táímìn jẹ́, ó sì lè já lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tó ti rin ìrìn púpọ̀ máa ń mú kí síìlì tó ti le rọ̀ díẹ̀, ó dáa fún èyí tó kàn ń yọ ìrì, kò lè dí èyí tó ti ya. (Ẹ rántí pé máìlì ni mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà. 150,000 tó wà lójú rẹ̀ lé ní 240,000 kìlómítà.)

Ọ̀rọ̀ ìlera wá ńkọ́? Ọ́ìlì tó bá kán sára ẹ́sọ́ọ̀sì tó gbóná máa ń rú èéfín, èéfín náà á sì wọlé sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ yín tó jókòó sẹ́yìn, ó sì lè dá ikọ́ ẹ̀fúùfù sílẹ̀ fún ọmọ tó bá ní in. Ó tún lè gbiná. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó, ẹ dúró, ẹ sọ gbogbo èèyàn kalẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, èyí tá à ń pè ní kọ́ndẹ́ẹ̀mù, àwọn kan ń fi pa làpálàpá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ tó bá kàn yín lára, kì í ṣe bẹntiróòlù. Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́, ẹ da iyanrìn tàbí ìyẹ̀pẹ̀ igi lé e kí àgbàlagbà kankan má baà yọ̀ ṣubú, ẹ má gbá a sínú gọ́tà tàbí nítòsí kànga.

Títí tẹ́ ẹ máa fi rí owó tún un ṣe, ẹ máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, nílẹ̀ tó tẹ́jú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìlà ìsàlẹ̀ sí tòkè sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi líta kan. Tí iná pupa tó dà bí kẹ́tù ọ́ìlì bá tàn níwájú yín, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kúkú délé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.