Ibùsùn Ẹnu Ọ̀nà Pápákọ̀: Ta Ni Wọ́n Kọ́ Ọ Fún?

Ẹni tó bá ń ti Tchaourou, ní ẹkùn Borgou nílẹ̀ Benin, lọ wọ bàálù lónìí, àná ni ìrìn àjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 350 kìlómítà ni láti ibẹ̀ dé Kùtọnu, ojú títì kan náà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà lọ sí Malanville lẹ́nu ààlà Nìjẹ̀r ni bọ́ọ̀sì èrò sì ń gbà. Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Bohicon, Allada, Calavi: bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Calavi bá le, wákàtí mẹ́ta ti wọmi nìyẹn. Bàálù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ará Borgou tó mọ ìrìn àjò fi máa ń dé Kùtọnu ní ọjọ́ kan ṣáájú. Bó bá dé tán, níbo ni yóò sùn?

Ẹni tó ní ẹbí níbẹ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àbúrò bàbá kan kì í ṣàì sí ní Calavi tàbí Godomey tí yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Calavi jìnnà sí Cadjèhoun tí pápákọ̀ wà. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra ní ìdájí ní láti jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, kó di àpò mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà zémidjan nínú òkùnkùn, kó máa gbàdúrà pé kí táyà má jò. Irú èèyàn yìí gan-an ló nílò hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, èyí tí èèyàn lè jáde nínú yàrá rẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn èrò. Òun kọ́ sì ni ẹ óò bá nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Àṣà kíkọ́ ibùsùn sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ọdún 1936 ni ojú irin tó ti Kùtọnu wá dé Parakou, lẹ́yìn tó ti gba Tchaourou kọjá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Ibẹ̀ ni irin parí sí. Ẹni tó ń lọ sí Nìjẹ̀r ní láti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kó sùn, kó sì wá ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ kejì. Owó tí irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń ná wà lára ohun tó sọ Parakou di ìlú ńlá. Ní Bamako, ilé ìtura tó wà ní ibùdó rélùwéè, Buffet Hôtel de la Gare, gbajúmọ̀ débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ fún un ní 1970. Rail Band ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni Salif Keita àti Mory Kanté ti kọrin kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin a máa jẹun, a sì máa jó.

Nígbà tí bàálù dé, àṣà náà tẹ̀ lé e. Henry Ford, ẹni tó ń ṣe mọ́tò, kọ́ Dearborn Inn sí iwájú pápákọ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní 1931, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ lágbàáyé. Lagos Airport Hotel tó wà ní Ìkẹjà, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ Odù'a, ti wà láti 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà. Ṣùgbọ́n ní 1979, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun fún ìrìn àjò òkèèrè ní Èkó. Pápákọ̀ ṣí síwájú, hòtẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ ẹni tó sùn síbẹ̀ ní láti wọ takisí kó tó lè wọ bàálù London. Hòtẹ́ẹ̀lì Legend, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Hilton, wà nínú ọgbà pápákọ̀ náà ní tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù àdáni ń balẹ̀ sí. Ibi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ti sọ irú àlejò tó wà lọ́kàn wọn.

Kùtọnu ní oore kan tí Èkó kò ní. Pápákọ̀ Cadjèhoun, tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin pè, wà láàárín ìlú gan-an. Ẹni tó jáde níbẹ̀ yóò rí ère Bio Guéra lórí ẹṣin, ọmọ Borgou tó kú ní 1916 nígbà tó ń bá àwọn Faransé jà. Ní 2022 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà, orí mi sì máa ń wú pé ọmọ apá àríwá ló ń kí àlejò káàbọ̀ sí ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé àwọn auberge àti ilé ìtura kéékèèké tó wà ní Cadjèhoun àti Haie Vive. Àwọn ńláńlá náà kò jìnnà: Novotel Orisha wà ní òpópónà Marina, Sofitel sì ti dìde níbi tí Benin Marina wà tẹ́lẹ̀.

Owó àwọn ńlá wọ̀nyí ló lé ará Tchaourou sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wo bí òwò náà ṣe ń lọ. Òfin kò gba awakọ̀ bàálù láyè láti tún fò láìsinmi iye wákàtí kan. Nítorí náà, iléeṣẹ́ bàálù máa ń bá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe àdéhùn yàrá fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rí ibi sùn. Àwọn oníbàárà tó dájú nìyẹn. Àwọn aṣojú ìjọba àti òṣìṣẹ́ àjọ àgbáyé ló tẹ̀ lé wọn, iléeṣẹ́ ló sì ń san owó tiwọn náà. Nígbà tó jẹ́ pé àpò iléeṣẹ́ ni hòtẹ́ẹ̀lì ń wò kó tó dá iye lé yàrá, báwo ni àgbẹ̀ oníkajú tó fẹ́ lọ rí ọmọ rẹ̀ ní Paris yóò ṣe bá wọn dọ́gba?

Ìgbà kan wà tí ẹnu ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Òfin 261 tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2004 sọ pé bí iléeṣẹ́ bàálù tiwọn bá fagi lé ìrìn àjò sí Yúróòpù, tàbí tó pẹ́ débi pé èrò ní láti sùn mọ́jú, iléeṣẹ́ náà ni yóò san owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ àti oúnjẹ. Èyí kan Air France àti Brussels Airlines tó ń gbéra ní Kùtọnu. Kódà bó jẹ́ ìjì ló fà á, ẹ̀tọ́ oúnjẹ àti ibùsùn yìí kò yẹ̀. Kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí má ṣe sùn sórí bẹ́ǹṣì. Kó lọ bá wọn ní káńtà, kó sì béèrè.

Àpẹẹrẹ ibùsùn tó gba mẹ̀kúnnù wà nítòsí wa. Nàìjíríà ní àgọ́ Hájì fún àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, níbi tí bàbá àgbà láti abúlé ti lè sùn lówó pọ́ọ́kú, kó jẹun, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ wọ bàálù. Mùsùlùmí pọ̀ ní Tchaourou, Parakou àti gbogbo Borgou. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kùtọnu, tí kò ní dúró de àsìkò Hájì kó tó ṣílẹ̀kùn, yóò wúlò fún wọn àti fún àwọn ẹlẹ́sìn yòókù. Ní Addis Ababa, Ethiopian Airlines fúnra rẹ̀ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì Skylight sítòsí pápákọ̀ Bole ní 2019, ó sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà títí yàrá rẹ̀ fi lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ èrò tó fẹ́ yí bàálù níbẹ̀ kì í sanwó oorun. Ó ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì wọn.

Ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ nípa gbígbé pápákọ̀ kúrò ní Cadjèhoun. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2003, bàálù kan tó ń gbéra níbẹ̀, tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù, kò lè gòkè dáadáa, ó já sétí òkun, àwọn tó kú sì lé ní 130. Ilé ti yí pápákọ̀ náà ká. Glo-Djigbé, tó tó nǹkan bí 45 kìlómítà sí Kùtọnu, ni wọ́n ti ń dárúkọ láti ọjọ́ pípẹ́, kó tó di pé GDIZ, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, gbalẹ̀ níbẹ̀. Bí pápákọ̀ bá lọ sí irú ibẹ̀, ará Tchaourou yóò bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Calavi, nítorí àríwá ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní í sí àbúrò bàbá, kò ní í sí auberge Haie Vive. Ibùsùn olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ètò pápákọ̀ tuntun náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Pápákọ̀ Tourou náà wà, nítòsí Parakou, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà ìjọba Ààrẹ Boni Yayi, ọmọ Tchaourou. Bó bá ń gbé èrò lọ sí òkèèrè, ará Tchaourou lè sùn nílé rẹ̀, kó jẹ iṣu rẹ̀ láàárọ̀, kó sì débẹ̀ láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Kandi àti ará Djougou ni yóò wá máa wá ibi tí wọn yóò sùn mọ́jú, Parakou ló sì yẹ kó ti máa ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn.